Àdúrà Ni Wọ́n Fi Rà Mí ní Ọ́fíìsì Alóre

Ìwé kan wà tí mo gbé kiri nínú báàgì mi fún ọjọ́ márùn-ún. Mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀ wá sílé ní Lugbe, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fi í sáàárín ẹsẹ̀ mi nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Ẹ̀sùn ni. Obìnrin kan ló sọ ọ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà sì ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ìjọba yóò jókòó láti pinnu bóyá kí wọ́n ti Ọ́fíìsì Alóre tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pa tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ pé kò wúlò. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo gbọ́ ọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa. "Alóre tí kò rí nǹkan kan!" Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́: Alóre ríran. Èmi ni mo fi ọwọ́ bò ó lójú. N ó sọ bí mo ṣe ṣe é, n ò sì ní fi ọ̀kan pamọ́, nítorí bí mo bá tún dákẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀, mo mọ ara mi, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Iredélé ni orúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, àwọn tó mọ ohùn mi kò sì pọ̀. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, bí tíṣà bá pè mí dìde, ṣe ni ẹnu mi máa ń gbẹ, tí àwọn ọmọ yòókù á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, títí bàbá mi fi ní kí n máa jókòó sílé, àwọn fúnra wọn ni yóò máa kọ́ mi. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni bàbá mi ní Kàbà kí a tó kó wá sí Àbújá. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀wé. Wọ́n á ní kí ìyá mi sọ ìtàn, kí n kọ ọ́, kí n wá kà á padà. Bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ kan, tàbí mo fi ọ̀kan kún un, wọ́n á ní, "Ta ló sọ ìyẹn? Ṣé ìyá ẹ ni àbí ìwọ?" Wọ́n ní akọ̀wé tí kò bá ka ohun tó kọ fún ẹni tó sọ ọ́, olè ni, ọ̀rọ̀ ló ń jí. Mo mọ gbólóhùn yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n o, kí ẹnikẹ́ni má bàá bá mi ṣe àwáwí pé ọmọdé ni mí. Ẹ̀kọ́ kejì tí mo kọ́ nílé ni pé kí n máa tẹ́tí sí àgbà. Bí àwọn àgbà ìlú wa bá ṣe ìpàdé nílé wa, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí, mo máa ń gbọ́ òwe wọn, mo máa ń rò ó pé kò sí ohun tí wọn ò mọ̀.

Àgbà tó ga jù láàárín wọn ni Bàbá Ọládùnjoyè, alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa ní Àbújá. Bàbá Alága ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló gbọ́ pé Ọ́fíìsì Alóre ń wá ẹni tó lè gba ẹ̀sùn lédè Yorùbá, àwọn ló sì sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ ọmọ rẹ dé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi agbára rẹ́ ọ jẹ, bó bá ti ìsọ̀ rẹ pa láìnídìí, bó bá fẹ́ wó ilé rẹ láìtọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wàá wá. A ó gba ẹ̀sùn rẹ sórí fọ́ọ̀mù funfun, a ó lọ wádìí, a ó pe òṣìṣẹ́ náà kó wá dáhùn. Òfin kan sì wà tó ju gbogbo ìyókù lọ: níwọ̀n ìgbà tí fọ́ọ̀mù funfun rẹ bá ṣì wà lórí tábìlì wa, katapílà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé rẹ. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbé fọ́ọ̀mù funfun kúrò kí ìwádìí tó parí, ìyẹn fọ́ọ̀mù yẹ́lò, tí olùfisùn fi ń sọ pé òun gbé ẹjọ́ òun padà. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, a gbọ́dọ̀ ka yẹ́lò náà sókè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó tẹ̀ka. Èmi ni wọ́n fi sídìí kíkà yẹn. Ọ̀gá wa, Madam Jamilah, ọmọ Hausa tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, máa ń sọ pé, "Iredélé, ohùn ẹ kéré, àmọ́ ọwọ́ ẹ kì í parọ́." Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi!

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára, ohun tó sì jẹ́ kó rọrùn láti bàjẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń rán bàtà ní Lugbe fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ọmọ ìlú wa làwọn méjèèjì. Bàbá Alága pè wọ́n sí pálọ̀ wọn, òṣìṣẹ́ náà dọ̀bálẹ̀, ó dá ẹ̀rọ padà, wọ́n dì mọ́ ara wọn, a mu mínírà. Mo ka fọ́ọ̀mù yẹ́lò sókè níbẹ̀, ohùn mi ń gbọ̀n, ọkùnrin náà sì tẹ̀ka tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá Alága ní, "Ẹ ò rí i? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́. Ilé la ti ń parí ọ̀rọ̀." Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo àwọn àgbà: "Iredélé, ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ire á máa bá ọ délé. O ò ní ṣi ọkọ fẹ́. Ẹnu rẹ tí kì í pariwo yìí, òun ni wọn ó máa fi ṣe àpèjúwe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ." Gbogbo pálọ̀ ṣe àmín. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í rí, èmi ará ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, àmín yẹn dùn mọ́ mi bí oyin. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n lè fi rà mí. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àdúrà ni wọ́n fi rà mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gba owó ẹ̀yìn mọ̀ pé òun gbà á, á fi pamọ́, ojú á tì í. Ẹni tó gba àdúrà, gbangba ló ti ń gbà á, á tún sọ pé "ẹ ṣé, sà".

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kenny bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ́fíìsì wa ní Idu. Ọmọ Bàbá Alága ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, àwọn tó máa ń fi ọ̀dà pupa fa X sára ilé tí katapílà máa wó. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré. "Sisí Àmín! Dádì ní ti bàbá oní-fọganáísà yẹn, wọ́n ti ń parí ẹ̀ nílé o. Bá wọn gbé yẹ́lò fún un, jàre." Ti ìkejì nìyẹn, ti ìkẹta, ti ìkẹrin. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa parí ẹ̀?" Kenny wò mí bí ẹni tí mo bú bàbá ẹ̀. "Kai! Iredé, ṣé àgbà ni wàá máa bi ní ọjọ́?" Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sọ. Nílé wa, bí àgbà bá ti ní a ó parí ẹ̀ nílé, ó ti parí nìyẹn, ọmọ kì í bèèrè ọjọ́. Ni mo bá ń gbé yẹ́lò fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tẹ̀ka, pé ìwé ọ́fíìsì ni. N kò kà á fún wọn mọ́, torí bí mo bá kà á, wọ́n á bi mí ní ohun tí n kò lè dáhùn. Ènìyàn mẹ́wàá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀wé. Mo mọ àwọn tí mò ń ṣà.

Ìkọkànlá ni Ìyá Oníṣòó. Hàbíbátù ni orúkọ rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Opó ni, ará Kogi bíi tiwa, ó ń fi ìwọ̀n ta ìṣó ní ọjà àwọn ohun ìkọ́lé ní Dei-Dei, ó sì ń gbé inú yàrá méjì tí ọkọ rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ náà kó tó kú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó gun àtẹ̀gùn wa tìmítìmí, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú wa, "Okun o, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń mú àwọn ọ̀gá. Níbo lẹ ń kó wọn sí?" Mo rẹ́rìn-ín, èmi tí n kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ó jókòó, ó rojọ́. Ìjọba fẹ́ gbẹ́ gọ́tà ńlá kan gba àdúgbò wọn kọjá. X pupa kọ́kọ́ wà lára ilé ìkẹ́rùsí pákó kan tó dojú kọ tirẹ̀, gbogbo àdúgbò ló rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n fi tínà nu X yẹn kúrò, wọ́n sọdá títì, wọ́n fa òmíràn sára ilé tirẹ̀. "Ṣé gọ́tà náà ní ẹsẹ̀ ni, tó fi sọdá títì? Lọ wo ilẹ̀kùn ilé pákó yẹn, ọmọ mi. Tínà ò nu ún tán. Ó ṣì ń pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún." Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo kà á fún un. Ó ní kí n tún ibi gọ́tà tó ní ẹsẹ̀ kà, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ka. "O kà á dáadáa," ló wí. "Ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ló ń sọ̀rọ̀." Lọ́jọ́ kejì, Madam Jamilah fúnra wọn lọ sí Dei-Dei, wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ń pọ́n náà, wọ́n padà dé pẹ̀lú eruku lára bàtà. "Yauwa! Eléyìí lágbára, Iredélé. Àwọn tó ní ọ́fíìsì wa ò wúlò, eléyìí la máa gbé síwájú wọn." Ta ló ni ilé ìkẹ́rùsí pákó yẹn? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n kí ìyá yẹn tó sọ gbólóhùn kẹta. Bàbá Alága ni.

Wọn kò ránṣẹ́ pè mí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn fúnra wọn ló wá sílé wa lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí bàbá mi kò sí nílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn kò tètè ní kí n dìde. "Hàbíbátù yẹn, ẹni wa ni. Ṣé n ó jẹ́ kí ẹni wa sùn síta ni? A ó parí ẹ̀ nílé. Gbé ìwé yẹn fún un lọ́jọ́ Ajé." Ẹnu mi gbẹ bí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní... wọ́n ní ara ilé yín ni X yẹn wà tẹ́lẹ̀." Wọ́n wá ní, "Iredélé, ta ló kọ́ ọ láti máa wo ojú àgbà báyẹn?" Èmi! Ilẹ̀ ni mò ń wò látìgbà tí wọ́n ti wọlé, mo lè ka gbogbo òdòdó ara kápẹ́ẹ̀tì wa. Síbẹ̀ mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹ bá mi wò ó: ẹni tó ń gba ilé lọ́wọ́ opó ló bínú, èmi tí mo sọ ọ́ ni mò ń tọrọ àforíjì! Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n tún gbàdúrà ọkọ fún mi. Mo ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó fún mi lọ́rùn kí n tó ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, mo gbé fọ́ọ̀mù yẹ́lò àti páàdì tàdáwà lọ sí Dei-Dei. Ìyá Oníṣòó ń wọn ìṣó fún káfíńtà kan. "Akọ̀wé mi dé!" ló pariwo. "Ẹ bá mi fún un ní àga, ẹni ìjọba ni o." Káfíńtà náà ní, "Ìyá, ẹni ìjọba tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí?" Ó ní, "Má wo títẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀, ìṣó náà tẹ́ẹ́rẹ́." Mo na ìwé sí i. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀, ọmọ mi?" Mo ní, "Ìwé pé ẹ̀sùn yín ń tẹ̀síwájú ni, mà." "Ṣé o ò ní kà á fún mi bíi tijọ́sí?" "Ó gùn, mà. Oòrùn sì ti mú." Ó wò mí díẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ náà kúkú ni." Ìwọ náà kúkú ni! Kò sí èébú tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ìpẹtà ìṣó ti wọ inú gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí mo nawọ́ sí. Ó wá ra píọ̀ wọ́tà tútù fún mi nítorí oòrùn tí mo ní ó mú. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ pe gbogbo aráàlú síta láti wá sọ bóyá Alóre wúlò. Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gbẹ́ni Bùsàrí, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, gbé ìwé sókè. "Nínú ẹ̀sùn ogún tí ọ́fíìsì yìí gbà lọ́dún yìí, méjìlá ni àwọn olùfisùn fúnra wọn gbé padà. Fúnra wọn o! Bí àwọn ènìyàn bá lè parí ọ̀rọ̀ wọn nílé, kí la ń bọ́ ajá tí kì í gbó fún?" Àtẹ́wọ́ sọ. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pé, "Ẹ fi owó yẹn ṣe iná ojú títì fún wa!" Obìnrin kan dá a lóhùn, "Tí wọ́n bá wá wó ilé ẹ, kí o lọ rojọ́ fún iná ojú títì!" Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Madam Jamilah dìde. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn lọ sí Dei-Dei, àwọn rí ilẹ̀kùn tí wọ́n nu, àwọn kò sì gbà pé obìnrin tó rojọ́ báyẹn yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n yíjú sí mi. "Iredélé, dìde. Ìwọ lo gba ìka rẹ̀. Níwájú gbogbo ènìyàn, ṣé o kà á fún un?"

Bí mo bá ní rárá, ó ti tán. Ọ̀rọ̀ kan péré. Fọ́ọ̀mù funfun á padà sórí tábìlì, ilé opó á dúró, gbogbo gbọ̀ngàn á mọ ẹni tó ń pa Alóre lẹ́nu mọ́. Mo wo iwájú. Bàbá Alága jókòó síbẹ̀, fìlà wọn dúró dáadáa, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, ètè wọn sì ń mì bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Mo ní, "Mo kà á fún wọn, mà. Wọ́n ní àwọn gbé ẹjọ́ àwọn padà." Ohùn mi já geere, ó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wá ohùn tí mo lè fi sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ọjọ́ tí mo rí i, irọ́ ni mo fi pa. Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ní, "Èmi? Èmi Hàbíbátù ni mo gbé ẹjọ́ mi padà? Ọmọ mi, wò mí. Wò mí lójú!" N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. N kò wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Bùsàrí na fọ́ọ̀mù yẹ́lò sí i. "Ìyá, ṣé ìka yín kọ́ nìyí?" Ó rìn wá síwájú, ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. "Ìka mi ni," ló wí. "Ìpẹtà mi nìyí. Ìka mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́." Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín o! Òtítọ́ kan ṣoṣo tó jáde ní gbọ̀ngàn yẹn látàárọ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ Sátidé, katapílà dé. Mo lọ, mo dúró lódìkejì títì bí olè tó wá wo ilé tó jà lólè. Kenny wà níbẹ̀ pẹ̀lú akoto pupa lórí, ó ń júwe fún awakọ̀. Kò pẹ́ rárá. Ohun tí ọkùnrin kan fi ọdún mẹ́ta kọ́, wíwó rẹ̀ kò gba àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ àkàrà tán. Àwọn àpò ìṣó bẹ́, ìṣó dà sínú ẹrẹ̀, Ìyá Oníṣòó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìró rẹ̀ nù wọ́n. Ilé ìkẹ́rùsí pákó dúró lẹ́yìn mi digbí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pọ́n. Kàkà kí n sọdá lọ bá a ṣà á, mo wọkọ̀ lọ sílé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ pé Bàbá Alága ti fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sí ìyá náà, pé ọ̀rọ̀ ti parí nílé. Ilé wo? Mo bi yín, ilé wo ni wọ́n ti parí ẹ̀?

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Ìyá Oníṣòó gun àtẹ̀gùn wa. Madam Jamilah ti lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, èmi nìkan ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá. Kò kí mi ní okun. Ó ní, "Fọ́ọ̀mù funfun." Mo mú un. "Kọ ọ́. Orúkọ mi ni Hàbíbátù. Òṣìṣẹ́ tí mo fẹ̀sùn kàn ni akọ̀wé Ọ́fíìsì Alóre, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Iredélé." Ọwọ́ mi dúró. "Kọ ọ́! Àbí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹ ni?" Mo kọ ọ́. "Ó wá sí ìsọ̀ mi, mo fún un ní omi. Mo bi í pé kí ló wà nínú ìwé, ó purọ́ fún mi. N ò bínú sí katapílà tó bí mo ṣe ń bínú sí i, torí katapílà ò pè mí ní mà rí." Omijé mi ń kán sórí ìwé, ó ní kí n nu ún kúrò, kí n má ba ẹ̀sùn òun jẹ́. Mo ní, "Ìyá, lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣì ń bọ̀ níbí?" Ó ní, "Níbo ni kí n lọ? Sọ ibòmíràn fún mi, kí n lọ síbẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn lórí rédíò pé kí ni Alóre wà fún, ẹ bá mi dá a lóhùn. Ó ní, "Kà á." Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹnu ara mi ka ohun tí mo ṣe, kó tó tẹ̀ka.

Ẹ rò pé mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá mi lójú ẹsẹ̀? Báàgì ni mo gbé e sí. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Kenny gbọ́ pé ìyá náà wá, ó pè mí lórí fóònù. "Sisí Àmín, ṣáà dì í mú di Ẹtì. Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀, kò ní sí tábìlì tí ẹnikẹ́ni máa gbé e lé." Mo sì dì í mú. Lánàá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi rí i pé n kò jẹun, wọ́n bi mí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ṣé o kà á fún un?" Mo tẹjú mọ́ oúnjẹ iwájú mi. "Iredélé, mo ní ṣé o kà á fún un?" Mo ní, "Rárá, sà." Wọ́n ń nu awò ojú yẹn títí. "Mo kọ́ ọ nílé kí ayé má bàá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́," ni wọ́n wí. "N ò mọ̀ pé mò ń tọ́ ọ fún Ọládùnjoyè." N kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi pe orúkọ yẹn lásán báyẹn, láìfi Bàbá síwájú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo gbé ẹ̀sùn náà lélẹ̀ níwájú Madam Jamilah, pẹ̀lú orúkọ àwọn mọ́kànlá tí mo gba ìka wọn láìkàwé fún wọn. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Kai, Iredélé." Wọ́n wá ní, "O mọ̀ pé wọ́n á lé ọ." Mo ní mo mọ̀. Lọ́sàn-án, mo lọ sí Dei-Dei, sábẹ́ páànù tí Ìyá Oníṣòó ń sùn sí lẹ́yìn ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì ka ìwé ìjẹ́wọ́ tí mò ń kọ yìí fún un látòkè dé ibí, títí kan ibi tí mo ti mu omi rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "N ò tíì lè dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ibi gọ́tà tó ní ẹsẹ̀ yẹn, o ò gbàgbé ẹ̀." Ẹ̀yin mẹ́wàá yòókù, mò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó kà á fún yín. Ẹ má dárí jì mí kí ẹ tó gbọ́ ọ tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ máa kúnlẹ̀ fún àgbà, n kò ní kí ẹ má kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún la fi ń kúnlẹ̀, a kì í fi ẹnu kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá ní a ó parí ẹ̀ nílé, ẹ bèèrè ọjọ́. Bí wọ́n bá gbàdúrà fún yín lórí ohun tí kò tọ́, ẹ má ṣe àmín. Bàbá Alága, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, mo sì ń sọ fún yín pé X yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn yín.

Mo mọ̀wé, síbẹ̀ ìka ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé yìí, lẹ́yìn tí mo kà á sókè dé òpin. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, bí ẹ bá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí ẹ̀sùn lọ́dọ̀ Alóre. Ọ̀kan wà lórí tábìlì. Èmi ni wọ́n fi kàn, kò sì sẹ́ni tó máa fi yẹ́lò gbé e padà. Bí ẹ bá ti ọ́fíìsì náà pa, ẹ kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Oníṣòó ibi tó máa gbé ẹjọ́ mi lọ.